Igi Àna Tí Mo Lọ Gbà Padà Ní Oǹdó

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ojú ṣe ń ti ọkùnrin, kó gbé igi ìdáná lọ fún ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kó tún lọ gbà á padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Èmi ti ṣe é. N kò kú, mo sì ń ròyìn rẹ̀.

Sítóò oògùn oko kan ní Àkúrẹ́ ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Oògùn tí àwọn àgbẹ̀ ń fín sára kòkó ló pọ̀ jù níbẹ̀. A kì í gbé gálọ́ọ̀nù oògùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, orí pálẹ́ẹ̀tì là ń tò ó sí. Pákó tí wọ́n kàn pọ̀ bí àtẹ ni pálẹ́ẹ̀tì, kí ẹ̀rọ agbẹ́rù lè ki irin bọ abẹ́ rẹ̀. Bí gálọ́ọ̀nù bá jò, igi yẹn ló ń mu ún.

Ọ̀gá wa, Ìyá Dúpẹ́, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé tó ń pe ilé ní ulé, kì í fi ọ̀rọ̀ igi yìí ṣeré. Èyí tí oògùn bá dà sí, a ó fi ọ̀dà pupa kọ àgbélébùú sí i lára, a ó tò ó sábẹ́ páànù lórí sìmẹ́ńtì, kí òjò má baà fọ oògùn ara rẹ̀ wọlẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò wà títí àwọn tí ìjọba fún láṣẹ yóò fi wá kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń fi iná ìléru jó o, tí wọ́n sì ń sẹ́ èéfín rẹ̀. A kì í sun ún lẹ́yìnkùlé, a kì í sì í fi tọrẹ.

Ṣùgbọ́n ọmọ káfíńtà ni mí, láti Ìgbàrà-Òkè. Ta ni yóò wá kọ́ mi ní ìwà igi? Mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ nígbà náà, mo gbóòórùn wọn, wọn ò rùn. Ó ti gbẹ táútáú. Mo ní àṣejù ni ti Ìyá Dúpẹ́.

Ìgbà yẹn ni mò ń fẹ́ Fọlákẹ́, ọmọ Oǹdó, tí ìyá rẹ̀ ń yan búrẹ́dì nínú ààrò alámọ̀ ńlá kan. Ẹni tó ń fẹ́ ọmọ oníbúrẹ́dì, kí ló tún fẹ́ gbé lọ bí kò ṣe igi? Dírẹ́bà wa ń kó ọjà lọ sí Oǹdó ní Sátidé kan tí Ìyá Dúpẹ́ kò wá síbi iṣẹ́, ni mo bá kó igi mi sẹ́yìn ọkọ̀. Ìyá Fọlákẹ́ ṣàdúrà fún mi títí mo fi ń wolẹ̀ bí ẹni mímọ́.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Ìyá Dúpẹ́ dúró sábẹ́ páànù tó ṣófo.

"Ta ló kó igi mi?"

"Èmi ni, mà. Mo fi ta ìyá àfẹ́sọ́nà mi lọ́rẹ." Mo tún ń rẹ́rìn-ín.

"Iṣẹ́ wo ni ìyá náà ń ṣe?"

"Búrẹ́dì ni wọ́n ń yan, mà."

Ó ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Oògùn tó ń pa kòkòrò lórí kòkó, èéfín rẹ̀ lo fẹ́ kí wọ́n fi yan búrẹ́dì? Ta ló ń jẹ ẹ́?"

Mo rántí ilé ìwé tó wà ní òdìkejì títì, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń ra búrẹ́dì náà jẹ. Ẹ̀rù bà mí. Mo pe ìyá náà lórí fóònù títí, wọn ò gbé e. Bí wọ́n bá ti ń po ìyẹ̀fun, kò sẹ́ni tó lè pè wọ́n tí wọ́n á dáhùn.

Ìyá Dúpẹ́ fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ tí a fi ń kó ọjà, ó tẹ̀ lé mi. Láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ sí mi: "Ọmọ káfíńtà."

Bí a ṣe yọ sí àdúgbò náà, mo rí èéfín. Mo rò pé igi mi ló ń jó. Àfìgbà tí a dé iwájú ilé tí mo rí igi mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, tí àgbélébùú pupa ara rẹ̀ kọjú sí títì. Igi àtijọ́ ló ń jó nínú ààrò. Nínú ẹbí tiwọn, igi tí ọkọ ọmọ bá gbé wá kì í wọná kí àwọn àgbà tó fojú rí i, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì wá wò ó. Àwọn àbúrò bàbá Fọlákẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń yìn mí. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ní àgbélébùú yẹn fi hàn pé ilé onígbàgbọ́ ni mo ti jáde.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá mi, igi yẹn ni mo wá kó."

"Ṣé o ò fẹ́ ọmọ wa mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ ẹ, sà. Májèlé ló wà lára igi náà. Wọ́n kìlọ̀ fún mi kí n tó kó o, èmi ni mi ò gbọ́."

Ìyá Fọlákẹ́ jáde, ìyẹ̀fun kún ọwọ́ wọn dé ìgúnpá. "Mo ti to gbogbo búrẹ́dì àárọ̀ yìí sórí méjì nínú rẹ̀, kó lè tutù."

"Ṣé a ò lè gé ìdí búrẹ́dì náà dànù ni?" Ọ̀kan nínú àwọn bàbá ló bèèrè bẹ́ẹ̀.

"Ọmọ ọlọ́mọ ló fẹ́ jẹ ẹ́," ni ìyá náà wí. Wọ́n kó búrẹ́dì tó ṣì ń gbóná sínú àpò, wọn ò bú mi. Ìyá Dúpẹ́ ní kí a gbé àpò búrẹ́dì náà sọ́kọ̀, kí ewúrẹ́ pàápàá má baà rí i jẹ. Mo ru pálẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá lójú gbogbo àdúgbò, obìnrin kan sì ń pariwo pé, "Ọkọ ìyàwó ń gbẹ̀bùn ẹ̀ padà o!"

Èmi ni mo ní kí a fi wáyà yí abẹ́ páànù yẹn ká, kí a sì fi àgádágodo tì í. Ọkọ Ìyàwó ni wọ́n sọ àgádágodo náà. Gbogbo òṣìṣẹ́ tuntun ni mo ń sọ fún pé imú kì í mọ májèlé, wọ́n á sì ní, "Bàbá, ẹ tún sọ ti Oǹdó fún wa."

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe ìdágbére fún mi, ìyá ìyàwó mi wá, wọ́n ti darúgbó gan-an. Àwọn òṣìṣẹ́ ní kí ìyá sọ̀rọ̀.

"Ọjọ́ tó wá kó igi rẹ̀," ni wọ́n wí, "Fọlákẹ́ ń sunkún ní yàrá pé ìtìjú pa òun. Mo ní, fẹ́ ẹ. Ẹni tó lè fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ níwájú ẹbí nítorí ọmọ tí kò bí, kò ní fi tìrẹ ṣeré."

N kò gbọ́ ọ rí. Láti ìgbà náà wá, mo rò pé Fọlákẹ́ kàn fojú fo ìtìjú náà ló ṣe fẹ́ mi. Omi bọ́ lójú mi lójú gbogbo wọn.

Ìyá yíjú sí mi. "Gáàsì ni mò ń lò báyìí o. Má gbé igi wá."