Mí, Kì Í Ṣe Mì

Ọdún méjì gbáko ni mo fi kírun lórí àga. Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ń to àga rọ́bà sí, fún àwọn bàbá tí orúnkún wọn ti kọ̀ fún wọn, èmi tí mi ò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta sì ń jókòó láàrin wọn. Ìgbéraga ló gbé mi débẹ̀. Ejẹ́ńtì tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté Tin Can ni mí. Iṣẹ́ bébà ni iṣẹ́ mi, kì í ṣe ti alábàárù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí àwọn tó ń já ẹrù ń falẹ̀, mo ní kí wọ́n sún sẹ́yìn, kí n fi bí wọ́n ṣe ń gbé páálí hàn wọ́n. Mo gbé e lóòótọ́. Ẹ̀yìn mi dún bí igi gbígbẹ tó kán, láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ forí kanlẹ̀, agbedeméjì ni mo ń há sí.

Dókítà fún mi lóògùn títí ó fi sú òun náà. Ó ní kí n wá ẹni tó ń kọ́ni ní yógà. Mo rẹ́rìn-ín, torí èyí tí mo rí nínú tẹlifíṣọ̀n, ṣe ni wọ́n dijú, tí wọ́n ká ẹsẹ̀ kò bí ẹni ń retí oúnjẹ. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó béèrè kiri títí ó fi rí ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ni láràárọ̀ Sátidé nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní Ajégúnlẹ̀. Ó ní pawa yógà ni ti ọmọ yẹn, èyí tó le, pé yóò bá agídí mi mu.

Ìhà Wàrí làwọn òbí tíṣà yìí ti wá, Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ. Yorùbá yọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ a máa gba ibi tó bá wù ú. Mo sọ ohun tí mò ń wá fún un láìfi bò: mo fẹ́ kí iwájú orí mi kan ilẹ̀ lórí ìrun. Ó ní òun á fi sínú àdúrà òun ní ṣọ́ọ̀ṣì, ká bẹ̀rẹ̀.

Ó ní ká fi àtẹ́lẹwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ gbé ara dúró, kí ara gùn gbọọrọ bíi pátákó. Kò pẹ́ tí apá mi fi ń gbọ̀n.

“Dádì, ẹ mì,” ló wí.

Ó yà mí lẹ́nu, ṣé gbígbọ̀n tí mò ń gbọ̀n yìí kò tó ni? Mo mi ìdí, mo mi èjìká.

“No, Dádì. Ẹ mì now. Just ẹ mì.”

Mo rò ó pé bóyá itọ́ ló ní kí n gbé mì. Mo gbé e mì. Ibẹ̀ ni mo ti fàyà lulẹ̀ gbàà.

Inú bí mi. Mo ní, “Tíṣà, mo ti mì títí, mo ti gbé itọ́ mì. Kí ló tún kù tí o fẹ́ kí n mì?”

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín débi pé kò sí ẹni tó lè ṣe pátákó mọ́. Tíṣà fọwọ́ kan imú, ó fa atẹ́gùn sínú. “This one, Dádì. Breath.”

Mí ló ń sọ látàárọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn mi. “Since wey ẹ ti wọlé, your breath never reach here. Ẹ dì í mú.”

Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ páálí yẹn, gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ tẹ̀ ni ẹ̀rù ń bà mí, tí mo sì ń sé èémí. Mo mí. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra sókè lẹ́yìn mi, ó tún rọ̀ sílẹ̀, níbi tí mo ti ń pè ní òkú ibi fún ọdún méjì. Háà, ẹ̀dá Ọlọ́run le o. Èémí tí mo ti ń mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò mọ̀ pé ó ń rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, mò ń mí, ẹnu ń yà mí.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le. Orúkọ pawa lásán ló wà lára yógà yìí. Ẹ̀sọ̀ ni ìdí rẹ̀. Mo kọ́ èyí tí wọ́n ń pè ní ajá, tí ìdí máa ń wà lókè tí orí máa ń wà nísàlẹ̀, èmi Mùsùlùmí. Ní Tin Can, bí mo bá ń retí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, mo máa ń dúró ti kọ̀nténà, mo máa ń mí. Awakọ̀ tírélà kan tó ti sun ọjọ́ mẹ́ta lórí ìlà bi mí pé, “Oga, na asthma?” Mo ní rárá, mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí ni. Ó wò mí títí, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń pè ní ọmọ ló ṣòro jù fún mi: o kúnlẹ̀, o tẹ̀ síwájú, o gbé orí lélẹ̀. Oṣù kan, ìbú ọwọ́ méjì ló kù. Oṣù kejì, ìbú ọwọ́ kan. Ní oṣù kẹta, ìka méjì péré ló kù, kò sì dín mọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mi ò lọ sídìí àga. Mo tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn tí ara wọn le. Nígbà tí Lémọ́mù lọ sílẹ̀, mo mí jáde, mo tẹ̀ lé e, iwájú orí mi sì kan ẹní. Mo gbóòórùn ẹní náà, òórùn eruku àti lọ́fínńdà. Mo bá wọn dìde, mo bá wọn parí ìrun.

Nígbà tí àwọn èèyàn ń wá bàtà wọn, mo tún forí kanlẹ̀, ọpẹ́ lásán. Mo pẹ́ níbẹ̀. Ọkùnrin méjì sáré wá, wọ́n di apá mi mú.

“Alájì, ṣé ẹ̀yìn yẹn tún ti mú yín ni? Ẹ jẹ́ ká gbé yín dìde.”

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi mí sílẹ̀, kò sí ibì kan tó ń dùn mí.