Àwọn Tí N Kò Kà Mọ́ Omi

Ọdún tí ìjọba alágbádá padà dé ni àwọn onílé àdúgbò wa, lẹ́yìn Fadikpe ní Minna, pinnu pé àwọn kò ní retí omi ìjọba mọ́. Ilé mẹ́rìnlélógún péré ni wá nígbà náà, lórí ilẹ̀ olókùúta tó rọra dagẹ̀rẹ̀. Kànga mẹ́ta la ní. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, ọ̀nà àwọn mai ruwa là ń wò, àwọn Hausa tó ń fi ọmọlanke ta omi inú kẹ́ẹ̀gì. Nígbà mìíràn a ó dúró láti ìdájí títí oòrùn yóò fi mú, wọn kò ní yọjú.

Tíṣà ni mí. Minna ni wọ́n bí mi sí. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá mi wá láti Ọ̀fà. Nítorí pé mo gbọ́ Yorùbá, mo gbọ́ Hausa, tí ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì ṣeé kà, èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, Alága wa fẹ́ kí á pe àwọn tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ náà gan-an. Ọ̀gbẹ́ni tó kanra ni, ṣùgbọ́n aláàánú ni. Bàbá àgbà kan ló dìde ní ẹ̀yìn. Bàbá Olómi là ń pè é, nítorí òun ló ń tọ́jú táńkì tí àwọn ọkọ̀ ojú irin elédùú fi ń mu omi láyé àtijọ́.

Ó ní, “Ènìyàn mélòó ni yóò mu omi ọ̀hún?”

Alága dáhùn pé, “Bàbá, gbogbo wa ni.”

“Gbogbo wa kì í ṣe iye. Ẹ lọ kà wá ná.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé omi tó wà lábẹ́ àpáta kì í ṣe odò. Ibi tí òkúta ti sán ló ń gbà yọ, díẹ̀díẹ̀. Bí a bá fà á, a gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró kí ó lè tún sun. Iye ẹnu tó wà nílẹ̀ ni yóò sọ bí táńkì yóò ṣe tóbi tó, bí a ó ṣe máa fà á pẹ́ tó, àti bóyá ihò kan tó wa tàbí méjì. “Bí ẹ bá fa ju ohun tó ń sun lọ,” ó ní, “àwọn kànga yín ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.”

Wọ́n ní kí n lọ kà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ ti ṣòfin ṣáájú ìgbà náà pé ilé tó bá ní ju ènìyàn mẹ́jọ lọ gbọ́dọ̀ gbẹ́ ṣálángá kejì. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Minna mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: kí ihò tó jìn dé orúnkún, dígà ti kan àpáta. Nítorí náà, kò sí ilé tí mo wọ̀ tí wọ́n fẹ́ pọ̀. Ní ilé kan, ìyálé ilé náà ní mẹ́fà ni àwọn. Bàtà àwọn ènìyàn bíi mọ́kànlá ló tò sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnìkan ń wúkọ́ lẹ́yìn kọ́tìnì. Obìnrin náà rí i pé mo gbọ́. Ó wò mí lójú, ó ní, “Tíṣà, mẹ́fà ni o.”

Mo kọ mẹ́fà.

Ẹyọ ẹnìkan ṣoṣo ni kò fi nǹkan pa mọ́ fún mi: Ìyá Àfáà, opó kan láti Ìlọrin, tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú nínú àgbàlá wọn. Kànga tí ọkọ rẹ̀ gbẹ́ ló jìn jù ládùúgbò. Ó na ìka rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan: òun, ọmọ òun, ìyàwó rẹ̀, ọmọ wọn mẹ́ta, ọmọ kéú mọ́kànlá. Mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí mo mú ìwé dé ọ̀dọ̀ Alága, ó mi orí.

“Opó ni, níbo ni yóò ti rí ẹni gbẹ́ ṣálángá fún un? Yọ àwọn ọmọ kéú kúrò. Ṣé ará ilé ni wọ́n ni?”

Àánú ló fi sọ ọ́. Mo fagi lé mẹ́tàdínlógún, mo kọ mẹ́fà.

Ó wá ku ilé tèmi. Mo bá ọkọ mi nídìí oúnjẹ ọ̀sán.

Ó bi mí pé, “Kí lo kọ fún wa?”

“N kò tíì kọ nǹkan kan. Àwa àti àwọn ọmọ jẹ́ márùn-ún. Màmá, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó háyà yàrá ẹ̀yìn. Mẹ́sàn-án ni.”

“Kí n torí ẹyọ ẹnìkan ṣoṣo máa fọ́ àpáta? Kọ márùn-ún.”

“Màmá ńkọ́?”

“Àlejò ni Màmá.”

Àbúrò bàbá ọkọ mi lóbìnrin ni Màmá. Ó ti lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, ó jókòó sábẹ́ fèrèsé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo gbọ́ bí ẹ̀wà ṣe ń bọ́ sínú àwo, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ ọ mọ́. Mo kọ márùn-ún.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìnlélógóje. Bàbá Olómi gbé ìwé náà sókè sí ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wo bóyá ihò wà lára rẹ̀. Ó bi mí ní jẹ́jẹ́ pé, “Tíṣà, ṣé ó dá ọ lójú? Lójú tèmi, ó kéré.”

“Ó dá mi lójú, Bàbá.”

Ó fi ìyẹn ṣírò. Ihò kan tó. Wákàtí méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́, kí ẹ̀rọ sì sinmi láàárín. Wọ́n gbẹ́ ihò náà sí òkè àdúgbò, wọ́n gbé táńkì dúdú lé orí òpó kọnkéré, wọ́n sì na páìpù dé ẹnu ẹ̀rọ mẹ́fà. Ọjọ́ tí omi kọ́kọ́ yọ, àwọn obìnrin ń bù ú dà síra wọn lára. Ìyá Àfáà ń pariwo, “Alhamdulillahi!” Bàbá Olómi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí táńkì fi gbẹ. Ó yíjú sí mi.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, wákàtí méjì ti di mẹ́rin nítorí omi kò kárí. Lẹ́yìn náà ó di àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ariwo jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ omi ṣiṣẹ́ wọ inú ilé wa, ó wọ inú oúnjẹ wa. Bí mo bá ń ṣe máàkì nínú ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, tábìlì á máa gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Ìyá Àfáà wá bá mi.

“Tíṣà, sannu. Mo fi okùn kún okùn gúgà tí mo fi ń fami lánàá.”

“Ẹ̀ẹ̀rùn ni, Ìyá.”

“Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń fa omi nínú kànga yẹn. Mo mọ ẹ̀ẹ̀rùn.”

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún fi okùn kún un. Mo tẹ̀ lé e lọ wò ó. Ó sọ gúgà sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó débẹ̀, nígbà tó sì débẹ̀, kì í ṣe omi ni mo gbọ́, òkúta ni. Ó fà á jáde; ẹrẹ̀ funfun bíi ti ẹ̀kọ ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ kéú dúró yí wa ká, wọ́n mú ike lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni yanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í bá omi ẹ̀rọ jáde. Bí o bá gbé ife kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, yanrìn pupa á tẹ́ sí ìdí rẹ̀. Bàbá Olómi fi ọ̀pá tilẹ̀ wá sí ìpàdé.

“Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn. Ó ti ń fa ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ihò bá wó, a ò ní rí ẹ̀rọ fà jáde, a ò sì ní rí omi.”

Ẹnìkan kígbe pé, “Haba, Bàbá! Kí àwọn ọmọ wa máa mu kí ni?”

“Iye ènìyàn tí wọ́n sọ fún mi,” Bàbá sọ, “kò lè mu omi tó ń jáde yìí tán. Ibo ló ń lọ?”

Mo rí ìyálé ilé tí mo kọ mẹ́fà fún. Ilẹ̀ ló ń wò. Mo rí Alága tó ń fi ìka nu ẹnu. Ọkọ mi jókòó tì mí. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Èmi tí ìwé wà lọ́wọ́ mi náà kò sọ̀rọ̀. Wọn kò pa ẹ̀rọ.

Láàárín oṣù náà, a jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tó yí padà, bí ìgbà tí nǹkan há ènìyàn lọ́fun. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ihò ti wó lé e lórí. Kànga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbẹ ṣáájú. Ooru wá mú gan-an, gbogbo ìlú ló ń wá omi, àwọn mai ruwa kò sì gun òkè wa mọ́. Kí wọ́n tó kọjá Ọjà Kure, wọ́n ti ta kẹ́ẹ̀gì wọn tán.

Kòtò kan wà lójú ọ̀nà Maikunkele, níbi tí àwọn kọ́lékọ́lé ti ń wa ilẹ̀ pupa. Omi díẹ̀ ń sun ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ń lọ. Mo ń sè é kí á tó mu ún, mo sì ń bu omi sísè náà fún Màmá nínú kọ́ọ̀bù tirẹ̀. Mo ṣàkíyèsí pé kì í mu ún tán. Àṣẹ́kù rẹ̀ ni ó ń dà padà sínú ìkòkò fún àwọn ọmọ. Òun fúnra rẹ̀ ń bá àwọn obìnrin lọ sí kòtò, ó ń bu omi sínú ike kékeré kan, ó ń mu ún bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má mu ún láìsè.

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó mi, ẹni tí a kò kà mọ́ omi, ṣé ó yẹ kó máa mu omi tí a kà?”

Ó sọ ọ́ bí àwàdà, bó ṣe máa ń fi Hausa tí kò gbọ́ dáadáa ṣàwàdà. Èmi náà fi ẹnu rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n ti kúnlẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó wọ ilé mẹ́rin, ó wọ ilé kéú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó mú Màmá. Kí oòrùn tó dé àtàrí, ojú rẹ̀ ti wọnú, awọ ọwọ́ rẹ̀ ti hunjọ bíi ti ẹni tó fọṣọ láti àná. A gbé e lọ sí ọsibítù. Onígbáméjì ni wọ́n pè é. Wọ́n wá iṣan lọ́wọ́ rẹ̀ títí láti fa omi sí i lára, wọn kò tètè rí i. Ọkọ mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń pè é. Ó kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Orí yọ àwọn ọmọ kéú. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyá Àfáà fi jókòó tì wọ́n, tó ń fún wọn ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọkọ mi kò lè wo ojú mi, èmi náà kò lè wo tirẹ̀. Mo mú ìwé náà, mo lọ bá Bàbá Olómi. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ilé kan tẹ̀ lé èkejì, títí mo fi dé ilé tèmi. Mo ń retí kó bú mi. Kò bú mi, kò sì tù mí nínú.

Ó ní, “Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí táńkì kọ́kọ́ gbẹ. Mo rò pé ìwọ fúnra rẹ yóò wá.” Lẹ́yìn náà ó ní, “Dìde. Lọ tún un kà. Ìdájí ni kí o lọ, kí ẹnikẹ́ni tó jáde.”

Ó bá Alága sọ̀rọ̀, wọ́n sì fagi lé òfin ṣálángá. Kò sí ẹni tó purọ́ fún mi lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ń jáde dúró sí ẹnu ọ̀nà, àwọn aláìsàn ń na ọwọ́ láti orí ẹní. Mo kọ mẹ́tàdínlógún fún Ìyá Àfáà. Mo kọ mẹ́jọ fún ilé wa. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ igba ó lé ọgbọ̀n.

Ihò méjì ni Bàbá yàn, ní ìsàlẹ̀, ó jìnnà sí kànga. Ó fún ẹnu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní wákàtí tirẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ sọ́wọ́ Ìyá Àfáà, nítorí kò sí ẹni tó lè fi ariwo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Omi náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò dá. Nígbà tí òjò rọ̀, omi padà sínú kànga méjì. Kò padà sínú ti Ìyá Àfáà. Ó ní kí wọ́n da kọnkéré bò ó, ó sì ń sá ata lé e lórí.

Bàbá kọ́ mi bí a ṣe ń fi okùn oníkókó wọn ìjìnlẹ̀ omi kànga. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mò ń wọ̀n ọ́n, tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní òkè kejì tó dojú kọ wá, ilé ńláńlá, oníkálukú ń gbẹ́ ihò tirẹ̀ sínú àpáta kan náà. Láti ilé ìdáná ni mo ti ń gbọ́ irin tó ń lu àpáta. Ní ọyẹ́ ọdún náà, omi kànga wa fi gígùn apá ènìyàn kan gbáko lọ sílẹ̀. Mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n Bàbá Olómi ti kú, n kò sì mọ ẹni tí n bá lọ fi hàn.