Ọjọ́ Tí Wọ́n Wó Ògiri Iléeṣẹ́ Abọ́ Láàárín Ìlú Wa

Sùtánà ìyá ìjọ kan ló wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, apá kan ṣoṣo ló kù kí n rán mọ́ ọn. Ilẹ̀ kọ́kọ́ mì, àwọn abẹ́rẹ́ inú agolo mi dún wọnrawọnra. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ gbì! Eruku funfun bo ojú ọ̀nà. Jórinjórin tó wà níwájú ilé wa sáré kọjá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń pariwo bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́:

"Ògiri ti lọ o! Wọ́n ti wó ògiri o! Ẹ wá wo Ìsàlẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán!"

Mo ju sùtánà sílẹ̀, mo sáré jáde, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn mi. Lóòótọ́ ni. Ibi tí mo ti ń rí ògiri iléeṣẹ́ abọ́ láti kékeré, ojú ọ̀run ni mo rí. Àwókù bíríkì àti irin wà nílẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni páànù òrùlé Ìsàlẹ̀, aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, àti obìnrin kan tó fọwọ́ bo ẹnu, tó ń wò wá bí àwa náà ṣe ń wò ó. Mo juwọ́ sí i. Òun náà juwọ́ sí mi. Mi ò mọ̀ ọ́n rí.

Ìlú ni wá tẹ́lẹ̀. Èmi ò bá a, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Màmá tó tọ́ mi dàgbà, bá a. Ìlú kékeré tí àwọn Àwórì tẹ̀ dó láàárín Ìkẹjà àti Orégùn ni, àdúgbò méjì péré ló ní: Òkè, níbi tí ilé wa wà, àti Ìsàlẹ̀, lápá odò. Oko ẹ̀gẹ́ àti oko obì ló yí i ká. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ń lọ sí Ìkẹjà, ìrìn àjò ló ń lọ. Á wẹ̀, á wọ aṣọ tó dáa. Títí di òní, bí Màmá bá fẹ́ sọdá títì lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, "Mò ń lọ sí Ìkẹjà o" ni wọ́n máa ń wí. Àwọn ọmọ mi á bú sẹ́rìn-ín, nítorí Ìkẹjà náà ni wọ́n mọ̀ pé àwọn ń gbé.

A ò kó lọ síbì kankan. Ìkẹjà ló kó wá bá wa. Àwọn iléeṣẹ́ ló kọ́kọ́ rán ṣíwájú, ti bísíkíìtì, ti ọṣẹ, lẹ́yìn náà ni iléeṣẹ́ tó ń ṣe abọ́ tánganran wá jókòó sáàárín ìlú gan-an. Àwọn bàbá wa ló ta ilẹ̀ náà, mi ò ní parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Lákọ̀ọ́kọ́, géètì wà tí ará ìlú ń gbà kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ á sì máa kí wọn. Nígbà tó yá, àwọn oníléeṣẹ́ ní olè ń jà, wọ́n mọ ògiri dí i. Ìsàlẹ̀ kò jìnnà ju kéèyàn pe èèyàn kó dáhùn lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀ láti Òkè gbọ́dọ̀ jáde sí títì ńlá, kó wọ kẹ̀kẹ́ márúwá, kó yí po gba ọ̀nà Orégùn, kó tún wọ òmíràn wọlé. Díẹ̀díẹ̀, a di àjèjì sí ara wa. Kánsù tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Bí àwọn ọmọ wa bá bá tiwọn gbá bọ́ọ̀lù, bí ìlú méjì ni wọ́n ṣe ń gbá a.

Màmá ní ọ̀rẹ́ kan ní Ìsàlẹ̀. Wọ́n jọ pọnmi, wọ́n jọ dirun, ọdún kan náà ni wọ́n lọ sílé ọkọ. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni Màmá fẹ́. Káfíńtà kan tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, mùsùlùmí, ni ọ̀rẹ́ wọn fẹ́. Láti ìgbà tí orúnkún Màmá ò ti jẹ́ kí wọ́n lè wọ kẹ̀kẹ́ mọ́, fóònù ni àwọn méjèèjì fi ń ṣe ọ̀rẹ́, wọ́n á máa lọgun sínú rẹ̀.

Ẹ ò wá rí i pé mi ò lè dúró wòran. Mo sáré wọlé. Ẹ̀kọ ni Màmá ń mu.

"Màmá, wọ́n ti wó ògiri iléeṣẹ́!"

"Èwo nínú ògiri?"

"Ti àárín. Mo rí Ìsàlẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù!"

Wọ́n gbé ife kalẹ̀. "Bá mi mú bàtà mi wá. Kì í ṣe sílípáàsì o. Èyí tí mo fi ń ròde."

Èrò ti pọ̀ níbẹ̀ kí a tó dé. Fọ́máànù àwọn tó ń wó iléeṣẹ́ abọ́ náà, tó ti kógbá sílé, ọ̀dọ́kùnrin kan tó dé fìlà líle pupa, na ọwọ́ méjèèjì sí wa.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ibí. Katapílà ń ṣiṣẹ́."

"O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ibi tó o dúró sí yẹn, ọ̀nà ilé ni."

"Ọ̀nà ilé ta ni, Màmá?"

"Ilé ọ̀rẹ́ mi."

Ó wo Màmá, ó wò mí, ó wo èrò tó wà lẹ́yìn wa. Ó wá ké sí ẹni tó ń wa katapílà pé kó pa á ná. Ariwo ayọ̀ sọ! Màmá ṣíwájú, èmi tẹ̀ lé wọn, gbogbo Òkè tẹ̀ lé wa.

Màmá ń fi ọ̀pá júwe fún wa bí a ṣe ń lọ, pé ilé ìyá àwọn nìyí, pé igi àgbálùmọ̀ wà lọ́hùn-ún. Lójijì, wọ́n dúró. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Kọnkéré ni gbogbo rẹ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n mọ́," ni wọ́n wí. "Ṣé ibí tiẹ̀ ni?"

Mo ti fẹ́ ní ká máa lọ sílé nígbà tí ẹnì kan lọgun lápá Ìsàlẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó wọ hìjáàbù aláwọ̀ ewé ni, ọmọ-ọmọ wọn mú wọn lọ́wọ́. Wọ́n pe orúkọ kan tí mi ò gbọ́ rí láyé mi. Màmá dáhùn kíá, bí ọmọdé tí ìyá rẹ̀ pè. Mo ti gbé ọ̀dọ̀ wọn dàgbà, mi ò mọ̀ pé wọ́n ní orúkọ yẹn.

Wọ́n dì mọ́ra wọn. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Wo bó o ṣe gbẹ!"

"Ìwọ ńkọ́, tó o dà bí ẹja gbígbẹ!"

Àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́, jórinjórin ń ya fótò. Ibi tí a ti ń nu ojú lọ́wọ́ ni ìjà bẹ̀rẹ̀.

"Kànga ìlú la dúró tì yìí," ni ọ̀rẹ́ Màmá wí.

"Kànga wo? Ọ̀hún ni kànga wà, lápá ilé wa."

"Irọ́! Èmi lo fẹ́ kọ́ ní ibi tí mo ti ń pọnmi?"

"Àbí ìwọ tó o ju korobá mi sínú rẹ̀!"

"Ó jábọ́ ni! Mi ò jù ú!"

Fọ́máànù rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ibẹ̀ náà kúkú ni àwọn máa gbẹ́ ìpìlẹ̀ sí, kí a sún sẹ́yìn ká wò ó. Wọ́n gbé àga fún àwọn ìyá méjèèjì. Kò pẹ́ tí ẹnu katapílà fi kan nǹkan, ó dún wàràkà. Abọ́ ni! Abọ́ tánganran tó bàjẹ́, èyí tó ya létí, èyí tí òdòdó ara rẹ̀ dà rú, wọ́n ń jáde ṣáá, àfi bí ẹni pé wọ́n tò wọ́n sínú ìkòkò. Òkúta ẹnu kànga ló yí wọn ká róbótó. Abọ́ tí wọn ò lè tà ni wọ́n fi dí kànga ìlú. Ibi tí ọ̀rẹ́ Màmá sọ gan-an ni.

"Ohun tí mo ń wí láti àárọ̀ nìyẹn," ni Màmá wí. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ilẹ̀ náà fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ògiri tirẹ̀. Àwọn ọkùnrin Òkè àti ti Ìsàlẹ̀ jọ jókòó ìpàdé níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ààfáà àti wòlíì lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ohun tí ojú mi ò rí rí. Nígbà tí ẹni náà wá, wọ́n pe àwọn ìyá méjèèjì jáde.

"Ẹ̀yin ìyá mi, mo ra ilẹ̀ yìí, ìwé rẹ̀ sì pé."

"A ò bá ọ du ilẹ̀, ọmọ mi," ni ọ̀rẹ́ Màmá dáhùn. "Ọ̀nà la ń tọrọ."

Fọ́máànù ló dá sí i: gọ́tà máa gba etí ilẹ̀ náà kọjá dandan, bí wọ́n bá fi kọnkéré bò ó, èèyàn lè máa rìn lórí rẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni àwọn ọmọ iléèwé ń wọ́ kọjá láàárín àwókù náà, báàgì lórí. Ọkùnrin tó ra ilẹ̀ náà wò wọ́n, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Wọ́n tiẹ̀ ti ń gbà á kí n tó fọwọ́ sí i."

Ògiri tuntun ti dúró báyìí, ó ga ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà létí rẹ̀, tóóró, bí ẹni méjì bá pàdé, ọ̀kan á fẹ̀gbẹ́ kọjá. Wọ́n ń ṣí géètì rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á tì í lẹ́yìn ìrun mànàríbì ìrọ̀lẹ́. Mo ti ń rán hìjáàbù mọ́ sùtánà, nítorí àwọn obìnrin Ìsàlẹ̀ ti rí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Màmá náà ò dúró dè mí mọ́. Wọ́n á di ògiri mú, wọ́n á máa lọ sí Ìsàlẹ̀ ní tiwọn.

Lánàá, òjò ṣú, mo pè wọ́n pé kí wọ́n máa bọ̀ kó tó rọ̀. Ọ̀rẹ́ wọn ló já fóònù gbà.

"Jẹ́ kó rọ̀," ni wọ́n wí. "A ò tíì jẹun tán."