Àtíòro Inú Igi Ayùnrẹ́

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe ní Fìdítì, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbọ́ gbólóhùn kan náà lẹ́nu àwọn oníbàárà mi: "Má jẹ̀ẹ́ kí ọrùn mi kúrú o." Ìyàwó ọ̀ṣìngín á sọ ọ́. Ìyá ìyàwó á sọ ọ́. Alàgbà ìjọ tó wá ya fọ́tò ọjọ́ ìbí á fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní kí n wo òun dáadáa, pé òun kì í ní ọrùn nínú fọ́tò. Ṣé èmi ni mo dá ọrùn yín ni? Inú máa ń bí mi, n kò ní í purọ́.

Ẹyẹ ò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ ò ní sọ pé kí n tún un yà nítorí pé ojú òun dúdú jù. Nígbà tí fóònù gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, tí kálukú ń ya ara rẹ̀ nínú ilé ìdáná, ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kámẹ́rà mi lọ sóko láàárọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti fún mi ní lẹ́ǹsì gígùn kan nígbà tó fẹ̀yìn tì, èyí tó máa ń fa ohun tó wà lókè igi wá síwájú ojú ẹni. Kò wúlò fún mi níbi ìgbéyàwó, àfi bí mo bá fẹ́ máa ka eyín àwọn èèyàn. Ẹyẹ ni mo wá rí i lò fún.

Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ náà o. Mo gbọ́dọ̀ ti débẹ̀ kí ìrì tó gbẹ. Mo máa ń gbé àpótí sáàárín ẹ̀gẹ́ olóko kan lọ́nà Ìwárè, màá fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn aláwọ̀ ewé bo ara mi àti kámẹ́rà, ó di kí n máa dúró nìyẹn. Ìjàlọ á gun ẹsẹ̀ mi, n kò gbọdọ̀ mira. Àwọn ẹ̀gà á kọ́kọ́ sá, nígbà tó bá yá wọ́n á gbàgbé pé mo wà níbẹ̀, wọ́n á padà sórí ọ̀pẹ, ariwo á sì bẹ̀rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí bí akọ ẹ̀gà ṣe ń ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń fi ẹnu lásán hun ilé, n kò rántí tẹ kámẹ́rà mọ́. Kò ní ọwọ́, kò ní abẹ́rẹ́. Abo á wá yẹ ilé náà wò, bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á kọ̀ ọ́. Akọ á tú gbogbo ẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi tí wọ́n ní kí n tún fọ́tò kan ṣoṣo yà tí mò ń kanra! Ojú tì mí níbi tí mo jókòó sí.

Àwọn àgbẹ̀ ò mọ ohun tí wọn ì bá pè mí. Bàbá kan láti Akínmọ̀rìn dá alùpùpù rẹ̀ dúró lọ́jọ́ kan, ó wò mí títí.

"Ṣé o fẹ́ pa á ni?"

Mo ní rárá, sà.

"Ṣé o fẹ́ mú un sìn ni?"

Mo ní rárá o.

"Háà! Kí wá lo ń lúgọ dè é fún?"

Mo fi agbe kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yà hàn án, gbogbo ìyẹ́ rẹ̀ ń dán bí aró tuntun. Ó gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, ó sún un mọ́jú. "Agbe tó ń ké lókè orí mi lójoojúmọ́ rèé? Ó rẹwà tó báyìí, tí n kò gbójú sókè?" Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wá lọ́jọ́ náà, ó gbé mi dé ilé, ó ń sọ̀rọ̀ agbe títí a fi dé Fìdítì.

Àbúrò bàbá mi ń gbé ní Ìlọrà. Bàbá ni mò ń pè é. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, díákónì ni ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, èèyàn líle tí ẹ̀rín rẹ̀ wọ́n. Ìyàwó rẹ̀, tí mò ń pè ní Màmá, ni aláwàdà ilé náà, títí àrùn rọpárọsẹ̀ fi dá a mọ́lẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì wọ́ ẹnu rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti ìgbà náà, yàrá ẹ̀yìn ló wà. Bàbá ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é. Ó sì ti là á mọ́lẹ̀ fún mi: "O kò gbọdọ̀ gbé kámẹ́rà ẹ wọ yàrá yẹn. Kò sẹ́ni tó máa ya ìyàwó mi báyìí." N kò gbé e débẹ̀ rí.

Igi ayùnrẹ́ ńlá kan wà lẹ́yìn ilé wọn. Ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé nígbà tí mo rí àtíòro kan. Ẹyẹ dúdú aláyà funfun ni, ẹnu rẹ̀ tóbi ó sì tẹ̀, bí ẹni pé ọwọ́ ẹyẹ mìíràn ló ti yá a. Ó gbé èso pupa kan sẹ́nu, ó lẹ̀ mọ́ ara igi níwájú ihò kan tí amọ̀ ti dí, tí àyè tó kù níbẹ̀ kò ju ẹnu kóló lọ. Ó ki ẹnu bọ̀ ọ́, èso pòórá. Ó lọ, ó tún gbé òmíràn dé. Mo sọ nínú ara mi pé ahun lèyí, ó ń kó oúnjẹ pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìwàǹwára mi. Lọ́jọ́ kejì, mo rò pé bí mo bá ha amọ̀ yẹn kúrò díẹ̀, màá rí inú àká rẹ̀ yà dáadáa. Mo gbé àkàbà ti igi, mo gùn ún, mo na ìka sí ihò náà. Yéè! Ohun kan gé mi níka jẹ látinú igi! Díẹ̀ ló kù kí n já bọ́. Nígbà tí àyà mi rọlẹ̀, mo yọjú wò ó. Ẹyẹ mìíràn ló wà nínú òkùnkùn yẹn, tó ń wò mí tìbínú-tìbínú.

Mo lọ bi ọdẹ àgbà kan ní Jobele léèrè. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyàwó ẹ̀ ni o! Bó bá fẹ́ yé ẹyin, á wọnú igi, á fi amọ̀ dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ara ẹ̀ kí ejò má baà wọlé tọ̀ ọ́. Ìyẹ́ apá ẹ̀ á wá máa yọ bọ́, kò ní lè fò mọ́. Ọkọ ni yóò máa bọ́ ọ títí ìyẹ́ tuntun yóò fi hù, bí ìparí oṣù karùn-ún. Bí wọ́n bá pa ọkọ, ebi lè pa òun àtọmọ síbẹ̀."

Mo wo ìka mi tó wú. Mo ti fẹ́ wó ilé onílé nítorí fọ́tò! Ìtìjú bá mi, ṣùgbọ́n ìfẹ́ àwọn ẹyẹ méjèèjì náà wọ̀ mí lára lọ́jọ́ yẹn.

Mo padà sí Ìlọrà láti ròyìn fún Bàbá. Kí n tó lanu, òun ti ń sọ tirẹ̀: àwọn tó ń gé gẹdú ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ wá gé igi ayùnrẹ́ náà. Igi òrùlé yàrá ẹ̀yìn ti jẹrà. Lọ́dún tó kọjá, òjò ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì Màmá, òun kò sì lè sún ara rẹ̀ kúrò. Bàbá fẹ́ fi pákó igi yẹn tún òrùlé ṣe kí òjò tó dé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó di ìparí oṣù karùn-ún. Abo ẹyẹ kan wà nínú ẹ̀ tí kò lè fò. Bí igi yẹn bá wó, ó kú nìyẹn, òun àtọmọ."

"Nítorí ẹyẹ?" Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Kí òjò máa pa ìyàwó mi nítorí ẹyẹ?"

Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n orí mi ti gbóná, mo sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ le jù. Sí àgbàlagbà! Ó ní kí n gbé kámẹ́rà mi kí n máa lọ. Mo tari alùpùpù mi jáde láìdágbére fún Màmá. Kí n tó dé Fìdítì ni mo ti mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi.

Ní Ọjọ́rú, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí mo padà débẹ̀. N kò wọlé. Mo gba ẹ̀gbẹ́ oko kọjá, mo bo ara mi sáàárín ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé. Mo fẹ́ rí wọn yà kí igi tó wó. Akọ dé, ó lọ, ó tún dé. Nígbà mìíràn tata ló gbé, nígbà mìíràn èso ọ̀pọ̀tọ́. Ó ti rù, àyà rẹ̀ funfun ti dọ̀tí, kò sì jọ pé òun fúnra rẹ̀ ráyè jẹun. Ní ìgbà kẹrìnlá, oòrùn bọ́ sójú ihò náà gan-an. Ṣóńṣó ẹnu abo yọ síta, ó rọra gba èso, mo tẹ kámẹ́rà. Mo wo ohun tí mo yà, omi bọ́ lójú mi. Èmi tí n kì í sunkún níbi ìsìnkú tí wọ́n bá pè mí sí!

Mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Bàbá wà létí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ṣíbí fún Màmá ní ògì. Á fẹ́ ẹ, á tọ́ ọ wò kó má baà gbóná jù, á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó dára, á sì fi aṣọ nu àgbọ̀n rẹ̀. Mo dúró lóde yàrá títí abọ́ fi ṣófo.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ bá mi wo èyí nìkan, màá lọ."

Ó jáde, ó gba kámẹ́rà, ó wò ó pẹ́.

"Ìyàwó dà níbẹ̀?"

"Ẹnu ẹ̀ nìkan lẹ rí yẹn, sà. Inú ló wà."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló ń wá bọ́ ọ lójúmọ́?"

"Láàárọ̀ yìí nìkan, ìgbà mẹ́rìnlá."

"Kò rẹ̀ ẹ́?"

Màmá dá sí i látorí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń falẹ̀: "Ẹ gbé e wá kí n rí i." Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbé kámẹ́rà wọ yàrá náà. Màmá wò ó. "Ọkọ yìí mà mọ ìtọ́jú o. Èso ló ń gbé fún ìyàwó ẹ̀. Èmi, ògì láàárọ̀, ògì lálẹ́." Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló mú fóònù, ó sọ fún àwọn tó ń gé gẹdú pé kí wọ́n má wá mọ́.

Òjò dé lọ́sẹ̀ kejì. Èmi àti Bàbá na tapólì sórí òrùlé, atẹ́gùn ya á. A tú pákó ilé adìyẹ àtijọ́, a fi lẹ ibi tó burú jù, síbẹ̀ omi ń kán. Mò ń retí pé kó dá mi lẹ́bi, kò ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. A sún bẹ́ẹ̀dì Màmá kúrò níbi tó ń jò, a gbé e sétí fèrèsé, ibẹ̀ ló ti wá ń wo igi náà tọ̀sán-tọ̀sán. Bí mo bá dé, òun ló máa ń ròyìn fún mi: "Ọkọ yẹn pẹ́ dé lónìí. Díẹ̀ ló kù kí n bá a jà."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lóṣù karùn-ún, Bàbá pè mí. "Máa bọ̀! Ìyàwó ti ń fọ́ ilẹ̀kùn!"

N kò mọ bí mo ṣe gun alùpùpù dé Ìlọrà. Amọ̀ ń já bọ́ lára igi. Ẹnu kọ́kọ́ yọ, orí tẹ̀ lé e, ó fún ara rẹ̀ jáde, ìrù rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ nítorí ibi tóóró tó ti wà. Ó fẹ́ já bọ́, ó na apá, ó fò dé orí igi máńgòrò, ohùn àwọn ọmọ ṣì ń dún nínú ihò. Láìpẹ́, ọkọ rẹ̀ dé pẹ̀lú èso lẹ́nu. Ó wo ihò, ó wo máńgòrò, ó fò lọ bá a, ó sì tún fi èso náà sí i lẹ́nu. Mo yà á, gbogbo rẹ̀ pátá. N kò tíì ya ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Bàbá ń pariwo lójú fèrèsé: "Ó jáde! Ó jáde!" Lẹ́yìn náà ló wo Màmá, ó sì gbé ọwọ́ lé apá ọ̀tún rẹ̀. Màmá ń wo ẹyẹ náà títí ó fi fò kọjá òrùlé aládùúgbò.

"A ò ní gé igi yẹn mọ́," ni Bàbá wí níkẹyìn. "Wọ́n á tún fẹ́ lò ó lọ́dún tó ń bọ̀." Ó yíjú sí mi. "Gbé kámẹ́rà ẹ wọlé."

Mo rò pé ó fẹ́ kí n fi fọ́tò náà han Màmá ni.

"Rárá. Ya àwa."

Mo béèrè bóyá kí n dúró kí wọ́n múra. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ ni kí n yà. Ó gbé abọ́ ògì, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Mo yọ lẹ́ǹsì gígùn, mo fi kékeré sí i, mo gbé e sójú. Màmá gbé ọwọ́ òsì sókè, ó dá mi dúró. Ó fi ọwọ́ kan náà tún gèlè rẹ̀ fà wálẹ̀ díẹ̀.

"Má jẹ̀ẹ́ kí ọrùn mi kúrú o."

"Ẹ gbé àgbọ̀n yín sókè díẹ̀, Màmá," ni mo wí.

Ó gbìyànjú, kò lè gbé e tó. Bàbá fi ọwọ́ kan di ṣíbí mú, ó fi èkejì gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó sì gbé e dání bẹ́ẹ̀ títí mo fi yà wọ́n tán.