Èèkàn tí Hàmídù Káfíńtà Gbà Là

Nígbà tí Ṣèyíọlá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà létí odò Ọ̀sẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà á. Òjò ọdún yẹn ti gbé afárá kékeré ọ̀nà Ìfọ́n lọ, síbẹ̀ gbogbo èèkàn tí òun rì sí etí odò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ló dúró gbagidi. Ó wá rí igi máńgòrò tó ti wà lẹ́yìn àwọn èèkàn náà tẹ́lẹ̀. Iwájú wọn ló wà báyìí, gbòǹgbò rẹ̀ sì ti wọ inú omi.

Hàmídù káfíńtà jáde láti inú ilé rẹ̀, ilé tó sún mọ́ odò jù lọ ní abúlé náà. Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Ọma mi, káàbọ̀. Kà wọ́n wò. Ẹyọ kan ò sọnù."

"Baba, ta ló gbé wọn kúrò níbi tí mo rì wọ́n sí?"

"Èmi ni. Bí omi bá ti ń sún mọ́ ọ̀kan, mo fà á tu, mo gbé e sẹ́yìn. Ṣebí ìwọ lo ní àmánà ni. Ṣé kí àmánà wá bómi lọ lójú mi ni?"

Ṣèyíọlá jókòó sórí iyanrìn. Lóòótọ́, òun ló sọ ọ́. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, olùkọ́ ni ní yunifásítì, ìwádìí bí omi ṣe ń jẹ ilẹ̀ sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Etí òkun Ìlàjẹ ló ti ń ṣe é kí àwọn ará abúlé yìí tó ránṣẹ́ pè é. Àwọn aláṣẹ tó lè fi òkúta dí etí odò ní àwọn fẹ́ rí ẹ̀rí ná: kí wọ́n ri èèkàn, kí wọ́n wo èyí tí omi máa gbé lọ. Ṣèyíọlá rò pé ọ̀rọ̀ kan wà tí Mùsùlùmí àgbà ò ní fojú di, ló bá fi àwọn èèkàn náà sí ìkáwọ́ Hàmídù, ó ní àmánà ni wọ́n, ohun tí a fún ẹni tọ́jú. Àtubọ̀tán rẹ̀ rèé: bí a bá ní ká tẹ̀ lé èèkàn, odò Ọ̀sẹ̀ ò jẹ ilẹ̀ rí.

Èyí tó tún wá burú ni pé bàbá náà ti fá àwọn èèkàn yẹn dán, ó sì ti fi fánísì kùn wọ́n. "Ta ló gé igi báyìí?" ló bi í. "Ojú tì mí fún un." Gbogbo nọ́ńbà tí Ṣèyíọlá kọ sí wọn lára ló ti bá a lọ.

Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn, kì í ṣe nǹkan kan mọ níwọ̀n. Níbi ìpàdé àkọ́kọ́, wọ́n bi í bí odò náà ṣe fẹ̀ tó nígbà èwe rẹ̀. Ó ní, "Ó kéré débi pé bí ìyá mi bá ń gbá ojú ulé, ó máa ń gbá òdìkejì odò mọ́ ọn."

Sylvanus, tíṣà ìjọ Àgùdà, tí wọ́n jọ dàgbà, dá a lóhùn láti ẹ̀yìn: "Irọ́ ni. Èmi ni mo máa ń bá ìyá rẹ gbálẹ̀. Ìwọ ń sùn."

Wọ́n bá tún èèkàn rì. "Baba," Ṣèyíọlá wí, "lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí omi gbé wọn."

"Kí n máa wò ó?"

"Ẹ máa wò ó, ẹ jọ̀ọ́."

Kò sí iṣẹ́ tó le tó o láyé Hàmídù. Lọ́jọ́ tí èyí àkọ́kọ́ ṣubú, Naimat ọmọ rẹ̀ tẹ Ṣèyíọlá láago pé Baba ò jẹun. Ó ti lọ dúró létí omi, ó ṣe ìnná lílláhì fún èèkàn bí ẹni pé èèyàn ló kú. Sylvanus ṣí fìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wá bi í jẹ́jẹ́ bóyá màálù ni wọ́n máa pa tàbí àgbò. Hàmídù ò bá a sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ Jímọ̀.

Nígbà tó yá, omi dé ilé ìdáná rẹ̀. Àwọn ará abúlé rọ iyanrìn sínú àpò, wọ́n fẹ́ fi dí iwájú ilé náà. Ṣèyíọlá alára bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà, ó ní ìwádìí ò tó ohun tí èèyàn ń pàdánù ilé sí. Hàmídù kọ̀ jálẹ̀.

"Bí ẹ bá dí tèmi, èèkàn ò ní ṣubú. Bí èèkàn ò bá ṣubú, wọn ò ní gbà wá gbọ́. Ẹ fi í sílẹ̀."

Naimat kó o lọ sílé tirẹ̀ lókè. Kò pẹ́ sígbà náà tí fóònù Ṣèyíọlá dún.

"Ọma mi, ulé ti lọ. Ṣé ó ti wá tó?"

"Ó tó, Baba."

"Ó dáa. Sọ fún wọn kí wọ́n kó òkúta wá."

Òkúta dé. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí àti ará ṣọ́ọ̀ṣì jọ tò ó, wọ́n gbin ọparun sẹ́yìn rẹ̀, odò sì dúró. Lọ́dún tó kọjá, Hàmídù kú sórí ibùsùn nílé Naimat, ó ti darúgbó dáadáa. Nígbà tí wọ́n ń ṣàdúrà fún un, Sylvanus ló sọ ìtàn rẹ̀ jù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn, Ṣèyíọlá náà rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà, òun àti Sylvanus rìn lọ sétí odò. Sylvanus ò ṣàwàdà mọ́. Ó dúró níwájú ilé kékeré kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ búlúù, tí òkúta náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri rẹ̀.

"Ìwọ ò mọ̀, àbí?" ó wí. "Lẹ́yìn ti Hàmídù, ilé tèmi yìí ló kàn tí omi ì bá gbé."