Ẹyẹ Tí A Fọwọ́ Ara Wa Pè

Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń ṣa ìrẹsì lẹ́yìnkùlé wa ní Agbówó, àdàbà kan ké lórí táǹkì omi. Ọwọ́ mi dúró. Igbe yẹn gan-an la máa ń gbọ́ lóko bàbá mi lọ́nà Òjòó, kí ilé tó gba gbogbo ibẹ̀. Iṣẹ́ àwa ọmọdé nígbà náà ni lílé ẹyẹ. Bílẹ̀ bá ti mọ́, a ti gun pèpéle onígi láàárín ọkà bàbà, a ó máa fi kànnàkànnà ta òkò, a ó máa pariwo títí ọ̀fun yóò fi gbẹ. Olè abìyẹ́ là ń pe ẹyẹ. Ta ló ráyè wo ẹwà rẹ̀?

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rín fi pa mí lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí Mojí, ọmọ ọmọ mi, ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń pe ẹyẹ wá sílé. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, mo mọ̀ pé omi ni wọ́n ń wá ju oúnjẹ lọ. Mo bu omi sínú ìdí ìkòkò kan tó ti fọ́, mo fọ́n ọkà bàbà yí i ká, mo ní kí òun àti Àṣàbí àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, dojú bolẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n má mira. Lọ́jọ́ kìíní, aláǹgbá nìkan ló wá. Lọ́jọ́ kẹta, àdàbà méjì bà, lẹ́yìn wọn ológoṣẹ́, lẹ́yìn náà ẹ̀gà, tí ò jẹ́ kéèyàn gbọ́ràn mọ́. Àṣàbí fẹ́ràn wọn débi pé ó ń lóṣòó bíi tiwọn, ó ń ṣa ọkà nílẹ̀ jẹ.

Àṣìṣe mi ni, èmi tó yẹ kí n mọ̀. Ẹyẹ ò mọ ààlà. Lẹ́yìn ògiri wa tó ti ya, Ìyá Sùlé tó ń ta ògì máa ń sá ọkà tirẹ̀ sórí tapólì nítorí kòkòrò. Àwọn àlejò wa jẹ tiwa tán, wọ́n bà sórí tirẹ̀. Ó wá bá mi, kò pariwo.

“Màmá, ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ pè wọ́n, èmi ni mò ń ṣe wọ́n lálejò. Tó bá di ọ̀la, màá fi oògùn eku po ẹ̀kúnwọ́ ọkà kan sẹ́bàá ògiri.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́. Kò sọ pé òun gbà.

Ilẹ̀ mọ́, mo na ọwọ́ sórí ẹní, Àṣàbí ò sí níbẹ̀. Mojí ṣì ń sùn. Mo sáré débi tí ògiri ti ya. Ọmọ náà ti lóṣòó lódìkejì, nídìí òkìtì ọkà kékeré kan tó dá wà, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sẹ́nu. Igbe ti dé ọ̀fun mi, mo gbé e mì. Ọmọ tí wọ́n bá pariwo mọ́ lójijì, ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ ni yóò gbé mì. Èmi náà lóṣòó, mo di ọwọ́ bí ẹni tó mú nǹkan dání.

“Àṣàbí, wá gba tìẹ.”

Ó wò mí. Ó tún wo ọkà. Ó wá rọra bọ̀. Mo ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu: hóró mẹ́rin. Mi ò mọ iye tó ti wọlé.

Ìyá Sùlé jáde, ó rí wa, àwo ọwọ́ rẹ̀ bọ́. Ó tú etí ìró rẹ̀ tó ta ní kókó. Bébà oògùn náà wà níbẹ̀, kò tíì ṣí i.

“Mi ò tíì pò ó, Màmá. Mo ní kí àwọn ẹyẹ kọ́kọ́ mọ ibẹ̀ ná.”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, èmi náà jókòó tì í. Àṣàbí ní tirẹ̀ ń tú ìka mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan; nígbà tí kò bá nǹkan kan níbẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà, bí Ìyá Sùlé bá ti sá ọkà, èmi àti àwọn ọmọ méjèèjì á gbé àpótí lọ jókòó sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ á máa pàtẹ́wọ́ lé ẹyẹ lọ́hùn-ún títí yóò fi kó ọkà wọlé, wọn á wá sáré padà wálé láti pe ẹyẹ kan náà. Eèrí tó kù lórí asẹ́ ògì rẹ̀ la sì ń fọ́n fún wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bù ú wá.

Oko bàbá mi ti di ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò sí ọmọ tó mọ kànnàkànnà mọ́, mi ò sì rò pé wọ́n pàdánù púpọ̀. Èmi tí mo fi èwe mi lé ẹyẹ, Mojí ló fi hàn mí pé àdàbà ní àmì dúdú lẹ́yìn ọrùn bí ẹni so ìlẹ̀kẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ò yí padà. Ìyá bàbá mi kì í fi wá sílẹ̀ lórí pèpéle yẹn. Òòrùn ìbáà mú bí iná, yóò jókòó tì wá. Mo rò nígbà náà pé nítorí ọkà ni.