Ife Tíì Àkọ́kọ́ ní Fachi

Ọdún méjìlélógún ni Agali fi wà níwájú. Bí jíìpù mẹ́ta Ìyá Tamko oníṣòwò bá kúrò ní Agadez, tí wọ́n ń gba inú aṣálẹ̀ lọ kó iyọ̀ àti èso dàbínù ní Fachi, jíìpù Agali ló ń ṣáájú, ipa táyà rẹ̀ làwọn yòókù sì ń tọ̀. Bí wọ́n bá gúnlẹ̀, ẹni tó lànà ni wọ́n ń bu ife tíì àkọ́kọ́ fún, kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kan nǹkan. Agali kò lówó, kò kọ́lé. Ife tíì yẹn ni oyè tirẹ̀.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni Ìyá Tamko gba oyè náà lọ́wọ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù.

"Agali, Rhissa ni yóò ṣáájú lọ́tẹ̀ yìí."

"Rhissa wo?"

"Rhissa mélòó la ní? Ojú ẹ ti ń ṣe bàìbàì, má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa. Níjọ́sí ńkọ́, tó o kí ràkúnmí mi, tó o ṣebí èmi ni!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Agali náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fa okùn ẹrù le ju bó ṣe yẹ lọ. Rhissa! Ọmọ tí òun fọwọ́ ara òun kọ́ ní wíwé láwàní, tó máa ń kúnlẹ̀ yọ díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ táyà fún òun kí ọkọ̀ má bàa rì nínú iyanrìn. Ó wò ó bó ṣe ń nu gíláàsì iwájú ọkọ̀, tó ń fi eyín funfun rẹ́rìn-ín. Eyín náà pàápàá bí Agali nínú.

Ọjọ́ méjì ló fi ń jẹ eruku ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá dé ìdí òkìtì iyanrìn, Rhissa á sọ̀ kalẹ̀, á fẹsẹ̀ gùn ún, á yọjú wo ìhà kejì òkìtì náà, kó tó padà wá wakọ̀. Agali ń wá àṣìṣe rẹ̀ títí, kò rí. Ó gbàdúrà pé kí ọkọ̀ ọmọ náà rì sínú iyanrìn. Ojú tì í nítorí àdúrà náà, síbẹ̀ ó tún un gbà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, oòrùn dúró sí àtàrí. Òjìji tán lára iyanrìn, gbogbo rẹ̀ funfun báláú, ojú kò mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yàtọ̀ sí òkè mọ́. Kò sí awakọ̀ ọ̀nà yẹn tí kò mọ̀ pé tíì là ń sè nírú àkókò bẹ́ẹ̀, títí òjìji á fi padà. Rhissa dúró.

"Ọ̀gá mi, ẹ sọ̀ kalẹ̀, tíì ti ń hó."

"Oòrùn ń bà ọ́ lẹ́rù?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ká dúró."

"Ọmọdé ni mo fi ìyẹn kọ́!"

Ilias tó ń wa ọkọ̀ kẹta dá sí i. "Ọ̀gá Agali, ẹ rọra o. Ẹ̀yin àti ta lẹ jọ ń sáré?"

Agali ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ gbàgà. Ó ṣíná, ó yà wọ́n sílẹ̀. Ó gun òkìtì kìíní, ó gun èkejì, ó ń kọrin. Nígbà tó dé ẹ̀kẹta, kò sọ̀ kalẹ̀ lọ yọjú. Ó rò pé òun ṣì ń gòkè ni, àfi gbì! Ikùn ọkọ̀ jókòó sórí ṣóńṣó òkìtì, táyà iwájú méjèèjì ń yí nínú afẹ́fẹ́, tẹ̀yìn ń gbẹ́ kòtò. Ó rọra jáde, ó jókòó sínú oòrùn, ó ń ronú èsì tí yóò fún Rhissa tó bá dé tó bá fi òun ṣẹ̀sín.

Lẹ́yìn ìrun àlàásárì ni Rhissa gbé jíìpù rẹ̀ sí ìdí òkìtì, tó fẹsẹ̀ gòkè wá, òun nìkan. Kò ṣẹ̀sín. Ó fi ṣọ́bìrì kó iyanrìn kúrò lábẹ́ ọkọ̀, ó kúnlẹ̀ yọ afẹ́fẹ́ táyà, ó so okùn, ó fi jíìpù tirẹ̀ fà á sẹ́yìn.

"Ọ̀gá mi, ẹ máa ṣáájú."

"Kí ló dé?"

"Fachi ò jìnnà mọ́. Ilias wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, kò rí nǹkan kan. Èmi náà ò rí nǹkan kan."

Ì bá sàn kó gbá a létí. Agali ṣáájú.

Wọ́n wọ Fachi kí oòrùn tó wọ̀, àwọn obìnrin ń hó ìhó ayọ̀. Kiari tó máa ń gbà wọ́n lálejò bu tíì. "Agali! Wọ́n ní ojú ẹ ti fọ́, ìwọ lo tún ṣáájú!" Ó gbé ife àkọ́kọ́ lé e lọ́wọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, Rhissa wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ padà sínú táyà Agali bó ṣe máa ń ṣe látijọ́. Agali gbé ife náà sílẹ̀ láì fẹnu kàn án.

"Kiari, èmi kọ́ ni mo lànà," ó sọ ọ́ sókè. "Rhissa ni. Mo há sórí òkìtì lọ́sàn-án gangan, òun ló wá fà mí."

Kiari yíjú sí Rhissa. Rhissa gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má dá Ọ̀gá lóhùn jàre. Ẹ ò mọ àwàdà wọn ni?"

Gbogbo wọn tún bú sẹ́rìn-ín. Kiari ń lu itan. "Lọ́sàn-án gangan! Ìwọ tó o kọ́ gbogbo wọn pé kí wọ́n dúró! Agali, mu tíì ẹ, ó ń tutù."

Agali mu ún. Òótọ́ kan ṣoṣo tó kù tí ì bá fi jẹ́ ọkùnrin lọ́jọ́ yẹn, Rhissa ti fi àwàdà gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó wo eyín funfun yẹn, ó sì jowú ọmọ náà ju ti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ lọ.